Sìgá, Ìsoríkọ́ àti Ìlera Ọkàn: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru àti àwọn ẹbí wọn ń bi wá léraléra. A kó wọn jọ síbí kan kí ẹni tí ojú ń tì láti béèrè náà lè rí ìdáhùn kà.

Ọkàn wo ni ẹ ń sọ: èyí tí ń lù nínú àyà, tàbí èyí tí a fi ń ronú?

Èyí tí ń lù nínú àyà ni, ṣùgbọ́n a kò lè sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jìnnà kí a má kan èkejì. Bí Yorùbá bá ní ọkàn òun kò balẹ̀, àyà ni ó máa ń gbé ọwọ́ lé. Àwọn baba wa tí wọ́n fi orúkọ kan pe méjèèjì kò ṣìnà.

Ní ọdún 2004 ni èsì ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní INTERHEART jáde. Salim Yusuf ni aṣáájú rẹ̀, orílẹ̀-èdè 52 ni ó sì kárí. Wọ́n fi àwọn ènìyàn bí 15,000 tí ìkọlù ọkàn bá fún ìgbà àkọ́kọ́ wé àwọn tí kò bá, tí iye wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nǹkan mẹ́sàn-án péré ni wọ́n rí pé ó wà nídìí èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú ewu náà. Sìgá wà lára wọn, ìdààmú ọkàn pẹ̀lú ìsoríkọ́ sì wà lára wọn, bí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ṣe wà níbẹ̀.

Kí ni ìkọlù ọkàn?

Ìkọlù ọkàn ni kí iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ́ ọkàn fúnra rẹ̀ dí, tí apá kan ọkàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́. Bí ó bá jẹ́ inú ọpọlọ ni iṣan ti dí tàbí ti bẹ́, rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Sìgá ń dá kún àwọn méjèèjì.

Báwo ni ìsoríkọ́ ṣe yàtọ̀ sí ìbànújẹ́ lásán?

Ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ lè sunkún láàárọ̀ kí ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ rẹ̀ sì pa á lẹ́rìn-ín nírọ̀lẹ́. Ìsoríkọ́ kì í jẹ́ kí ẹ̀rín náà wọlé. Bí ọkàn ènìyàn bá rẹ̀wẹ̀sì, tàbí tí ohun tí ó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ ọn mọ́, lójoojúmọ́ tàbí ní ọ̀pọ̀ jù lọ ọjọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, tí àìsùn, àìlèjẹun, àárẹ̀ àti èrò pé òun kò wúlò fún nǹkan kan sì tẹ̀lé e, ó yẹ kí a fura.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ìsoríkọ́ ń bá jà kì í sábà sọ pé inú òun bàjẹ́. Yóò ní orí òun ń gbóná, ara ń ro òun, nǹkan kan ń rìn lára òun, àyà òun ń já, oorun sì ń dá lójú òun láago mẹ́ta òru. Yóò ṣe àyẹ̀wò ibà àti taifọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yóò lo oògùn wọn tán, ara kò sì ní yá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Dókítà Thomas Adeoye Lambo ti ilé ìwòsàn Aro àti àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí káàkiri àwọn abúlé agbègbè Abẹ́òkúta. Wọ́n rí i pé àwọn ará abúlé náà kò ní orúkọ kan ṣoṣo fún àìsàn yìí, ṣùgbọ́n àwọn àmì rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wọn rárá.

Ìsoríkọ́ kì í ṣe wèrè, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Kí ni sìgá ń ṣe sí ọkàn gan-an?

Ẹni tí ń mu sìgá lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kí ó fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀, níhà àtàǹpàkò, kí ó tó ṣáná sí i. Kí ó ka iye ìgbà tí iṣan ibẹ̀ lù láàárín ìṣẹ́jú kan. Kí ó tún kà á nígbà tí ó bá mu ún tán. Iye kejì yóò ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nikotíìnì, kẹ́míkà inú tábà tí kì í jẹ́ kí ènìyàn lè fi í sílẹ̀, ni ó sáré wọ inú ẹ̀jẹ̀, tí ó mú kí ara tú adrenaline jáde bí ẹni pé ewu dé, tí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sì gòkè. Ẹni tí ń mu 20 lójúmọ́ ń pe ọkàn rẹ̀ sójú ogun nígbà 20 lójúmọ́.

Gáàsì kábọ́ọ̀nù mónóksáìdì tún wà nínú èéfín náà. Gáàsì yìí kan náà ni ó wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀, èyí tí a ti gbọ́ pé ó pa odindi ìdílé mọ́jú nítorí pé wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ sùn. Ti sìgá kò tó èyí tí ń pani lóru ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe: ó ń gba ìjókòó ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn yóò wá máa sá eré púpọ̀ sí i lórí oúnjẹ tí ó dín kù.

Èyí tí ó burú jù ni ti inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ó yẹ kí ibẹ̀ máa yọ̀ mùlọ̀mùlọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè rí ọ̀nà kọjá. Àwọn kẹ́míkà inú èéfín, tí wọ́n ju 7,000 lọ, a máa ha ibẹ̀, ọ̀rá a máa lẹ̀ mọ́ ojú egbò náà, iṣan a sì máa há díẹ̀díẹ̀ láìsí ìrora kankan. Sìgá tún ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ní ọjọ́ tí ojú ọ̀rá náà bá ya, ẹ̀jẹ̀ yóò dì lé e lórí, yóò sì dí ọ̀nà pátápátá. Ìdí nìyí tí ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lánàá fi lè ṣubú lónìí.

Ẹyọ kan tàbí méjì péré ni mo ń mu lójúmọ́. Ṣé ìyẹn náà burú?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì burú ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Àkójọpọ̀ ìwádìí 141 kan tí ó jáde ní 2018 fi hàn pé àfikún ewu àrùn ọkàn tí ẹni tí ń mu ẹyọ kan lójúmọ́ ń rù tó bí ìdajì èyí tí ẹni tí ń mu 20 ń rù. Ní ti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, dídín in kù ń ṣàǹfààní púpọ̀. Ní ti ọkàn, èéfín díẹ̀ ti tó láti mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dì.

Òfin ìdènà tábà ti 2015 ní Nàìjíríà ka títa sìgá lẹ́yọ-lẹ́yọ léèwọ̀, síbẹ̀ ẹyọ ni wọ́n ń tà ní gàréèjì àti lẹ́nu ọ̀nà ilé ọtí. Ẹni tí ń ra ẹyọ kì í ka iye tí ó mu. Ẹ gbìyànjú láti kọ iye yín sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó máa ń ya àwọn tí ó ṣe é lẹ́nu.

Èmi kì í mu ún, ọkọ mi ni. Ṣé ó kàn mí?

Ó kàn yín. Èéfín tí ẹlòmíràn tú jáde ń fi bí ìdámẹ́rin kún ewu àrùn ọkàn ẹni tí ó ń fà á símú lójoojúmọ́, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé ó ń pa ju mílíọ̀nù kan ènìyàn tí kì í mu sìgá lọ́dọọdún. Ṣíṣí fèrèsé kò tó. Ìta gbangba ni kí ó ti máa mu ún títí tí yóò fi jáwọ́.

Aáṣà, ṣíṣà àti vape ńkọ́?

Aáṣà kò ní èéfín, ṣùgbọ́n nikotíìnì inú rẹ̀ ń mú kí ọkàn sáré, ó sì ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè. Ìyá àgbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tí ń fi aáṣà sẹ́nu láàárọ̀ kí ó tó lo oògùn, ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ́lé, ó ń fi tòsì wó o. Omi inú ṣíṣà kì í yọ májèlé inú èéfín kúrò rárá. Èédú tí ó wà lórí rẹ̀ ń tú kábọ́ọ̀nù mónóksáìdì jáde, ẹni tí ó sì jókòó tì í fún wákàtí kan ń fa èéfín tí ó pọ̀ ju ti sìgá ẹyọ kan lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po.

Májèlé inú vape, ìyẹn sìgá oníná mànàmáná, kéré sí ti sìgá, ṣùgbọ́n nikotíìnì ń bẹ nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ọmọdé tí kò mu sìgá rí kò ní ìdí kankan láti fi ẹnu kàn án.

Báwo ni ìsoríkọ́, tí ó jẹ́ ti inú orí, ṣe lè ba ọkàn inú àyà jẹ́?

Ara ẹni tí ó ní ìsoríkọ́ dà bí ilé tí olè ti wọ̀ rí, tí àwọn ará ilé kò wá sùn fọnfọn mọ́. Kọ́tísọ́ọ̀lù àti adrenaline, àwọn kẹ́míkà tí ara ń tú jáde nígbà ìpayà, kì í lọ sílẹ̀ bí ó ti yẹ. Ìlù ọkàn, tí ó yẹ kí ó máa yára kí ó sì máa rọra bí ara bá ti fẹ́, á le gbagidi. Ẹ̀jẹ̀ á máa tètè dì, iṣan ẹ̀jẹ̀ á sì dà bí ẹni pé iná kékeré kan ń jó lábẹ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ ó rí i pé púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí ni sìgá náà ń ṣe.

Ọ̀nà kejì hàn sí gbogbo ènìyàn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú ọ̀rá lórí tábìlì, kò gbé e mì. Ọjọ́ tí ó yẹ kí ó lọ rí dókítà kọjá. Kò rìn, kò jẹ ẹ̀fọ́, ọtí àti sìgá ni ó kù tí ó ń ṣe déédéé. Àwọn ẹbí á ní ó lágídí, bẹ́ẹ̀ agbára ni kò sí.

Ní 1993, Nancy Frasure-Smith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Montreal, ní Kánádà, tẹ̀lé aláìsàn 222 tí ìkọlù ọkàn bá, fún oṣù mẹ́fà. Ewu ikú àwọn tí ìsoríkọ́ wà lára wọn tó ìlọ́po mẹ́rin ti àwọn yòókù, kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti ro bí ọkàn kálukú ṣe bàjẹ́ tó mọ́ ọn. Ní 2014, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí Ẹgbẹ́ Ìlera Ọkàn ti Amẹ́ríkà yàn dábàá pé kí a ka ìsoríkọ́ sí ohun tí ń fi ewu kún ọ̀ràn ẹni tí ìkọlù ọkàn bá, bí a ti ń ka sìgá sí.

Ṣé òótọ́ ni pé ìròyìn burúkú lè dá ọkàn ènìyàn dúró?

Ó lè ṣe é léṣe gidi. Ní 1990, àwọn dókítà ní Japan ṣàpèjúwe àìsàn kan tí ọkàn a fi wú lápá kan lójijì lẹ́yìn ìbànújẹ́ tàbí ìpayà ńlá, tí ẹnu rẹ̀ á há, tí ìdí rẹ̀ á fẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní takotsubo, orúkọ ìkòkò kan tí àwọn apẹja wọn ń lò, nítorí bí ọkàn náà ṣe rí nínú àwòrán. Àwọn obìnrin tí wọ́n ti kọjá ìgbà nǹkan oṣù ni ó ń bá jù. Iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn kì í dí, ọ̀pọ̀ wọn sì ń bọ̀ sípò láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n ó ń pa àwọn mìíràn. Nítorí náà, bí àyà bá ń dun opó tàbí ìyá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ọmọ, ẹ má ṣe sọ pé ẹkún ni. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Sìgá ni ó ń mú ọkàn mi balẹ̀. Bí mo bá fi í sílẹ̀, kí ni mo fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀?

A kì í jiyàn pé ara kò rọ ẹni tí ó mu ún. Ó rọ̀ ọ́. Ìbéèrè ni pé kí ni ó mú ara náà le tẹ́lẹ̀? Ẹ wo awakọ̀ tí ó jí láago márùn-ún: ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀, ohùn rẹ̀ le sí ìyàwó, kò lè dúró sójú kan títí tí yóò fi ṣáná sí ẹyọ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Òun gbà pé sìgá wo ìdààmú òun sàn. Àìsí nikotíìnì láti òru ni ó dá ìdààmú náà sílẹ̀, nikotíìnì náà ni ó sì pẹ̀tù sí i fún nǹkan bí wákàtí kan sí méjì kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ti bàtà tí ó fún ọn lẹ́sẹ̀ bọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún yóò mí kanlẹ̀. Ìyẹn kò sọ bàtà náà di oògùn ẹsẹ̀.

Ní ti ẹni tí ìsoríkọ́ ń bá jà ní tòótọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ le ju èyí lọ, a kò sì gbọ́dọ̀ bá a wí. Nikotíìnì ń ru kẹ́míkà ìgbádùn sókè nínú ọpọlọ, ọpọlọ tí ìsoríkọ́ ti mú sì ń pòùngbẹ irú rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó ní ìsoríkọ́ fi ń mu sìgá ju àwọn yòókù lọ, tí ó sì ń ṣòro fún wọn láti fi í sílẹ̀. Kí a tọ́jú ìsoríkọ́ náà pẹ̀lú ni ọ̀nà àbáyọ. Kí a máa ní “dúró ná, jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀ kí a tó sọ ti sìgá” ti gba ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ṣé ìsoríkọ́ mi kò ní le sí i bí mo bá jáwọ́ nínú sìgá?

Ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ yóò le. Inú á máa bí ènìyàn, oorun á dá, ọkàn á rẹ̀wẹ̀sì, ebi á máa pa á. Láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó máa ń le jù, ó sì ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Àmọ́ àkójọpọ̀ ìwádìí 26 tí ó jáde ní 2014 fi hàn pé, bí àkókò yẹn bá ti kọjá, ìsoríkọ́ àti àníyàn àwọn tí ó jáwọ́ dín kù ju ti àwọn tí ó ń mu ún lọ, títí kan àwọn tí ó ní àìsàn ọpọlọ tẹ́lẹ̀. Bí ìrẹ̀wẹ̀sì náà bá kọjá oṣù kan tí kò rọlẹ̀, ẹ padà lọ bá dókítà. Ẹ má padà sídìí sìgá.

Ìkọlù ọkàn ti bá mi rí. Ṣé kò ti pẹ́ jù?

Kò pẹ́ jù. Ẹni tí ó jáwọ́ lẹ́yìn ìkọlù ọkàn dín ewu ikú rẹ̀ kù ní bí ìdámẹ́ta sí ti ẹni tí ó tẹra mọ́ ọn. Láàárín 20 ìṣẹ́jú lẹ́yìn sìgá ìkẹyìn ni ìlù ọkàn ti ń rọlẹ̀. Nígbà tí ó bá tó ọdún kan, ìdajì àfikún ewu àrùn ọkàn ti lọ.

Ìwádìí àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Richard Doll àti Austin Bradford Hill bẹ̀rẹ̀ ní 1951, fi hàn ní 2004 pé àwọn tí ń mu sìgá títí ń pàdánù bí ọdún mẹ́wàá nínú ẹ̀mí wọn. Ẹni tí ó jáwọ́ ní ẹni 60 ọdún gba bí ọdún mẹ́ta padà, ti ẹni 50 tó mẹ́fà, ti ẹni 40 tó mẹ́sàn-án.

Àyà mi ń já. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá ọkàn ni tàbí ìdààmú?

Ẹ ò lè fi ọgbọ́n orí mọ̀ ọ́n nílé, dókítà gan-an kì í sọ ọ́ láìlo ECG, ẹ̀rọ tí ń ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí ìwé. Bí àyà bá wúwo bí ẹni pé ènìyàn jókòó lé e, tí ìrora náà gba apá, ọrùn tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù bò yín, tí èémí kò sì délẹ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ẹlòmíràn wakọ̀. Lára obìnrin, ó lè jẹ́ àárẹ̀ òjijì àti èébì nìkan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mu oògùn ọgbẹ́ inú sùn ní òru tí ọkàn wọn ń kú lọ. Bí ẹ bá lọ tí wọ́n sì ní ìpayà lásán ni, ẹ kò pàdánù nǹkan kan.

Àwọn oògùn wo ni ó wà fún ẹni tí ó fẹ́ jáwọ́, ṣé wọn kò léwu fún ẹni tí ó ní ìsoríkọ́?

Oògùn nikotíìnì tí a ń lẹ̀ mọ́ ara tàbí tí a ń jẹ lẹ́nu bí ṣingọ́ọ̀mù wà. Varenicline àti bupropion náà wà. Nígbà kan, wọ́n bẹ̀rù pé varenicline lè da ọpọlọ rú. Ìwádìí EAGLES, tí ènìyàn tí ó lé ní 8,000 kópa nínú rẹ̀, tí nǹkan bí ìdajì wọn ní àìsàn ọpọlọ, fi hàn ní 2016 pé ewu náà kò pọ̀ ju ti oògùn àfarawé, èyí tí kò ní èròjà oògùn nínú, lọ ní ọ̀nà tí ó jọjú. Bupropion ń tọ́jú ìsoríkọ́ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní wárápá kò gbọ́dọ̀ lò ó.

Ṣé ẹni tí ó ní àrùn ọkàn lè lo oògùn ìsoríkọ́?

Ó lè lò ó, bí a bá yan èyí tí ó yẹ. Amitriptyline, tí ó wọ́pọ̀ ní ilé ìtajà oògùn wa tí owó rẹ̀ kò sì wọ́n, lè da ìlù ọkàn rú. Ẹni tí ìkọlù ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bá kò gbọ́dọ̀ rà á fúnra rẹ̀. Sertraline ni wọ́n dán wò lára irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ nínú ìwádìí SADHART ní 2002, kò sì pa ọkàn wọn lára. Bí ẹ bá ń lo aspirin tàbí warfarin, àwọn oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, ẹ sọ fún dókítà, nítorí pé àpapọ̀ wọn pẹ̀lú oògùn irú sertraline lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà.

Bí a bá wo ìsoríkọ́ sàn, ṣé ọkàn náà yóò sàn?

Ìdáhùn kò ṣe tààrà, ó sì yẹ kí a sọ òótọ́. Nínú ìwádìí ENRICHD ní 2003, ìtọ́jú ọlọ́rọ̀-ẹnu dín ìsoríkọ́ kù lára àwọn tí ìkọlù ọkàn bá, ṣùgbọ́n kò dín ikú kù. Ní 2018, ìwádìí kan láti Kòríà tí ó tẹ̀lé aláìsàn 300 fún bí ọdún mẹ́jọ fi hàn pé ìkọlù ọkàn tuntun, ikú àti irú wọn kéré lára àwọn tí ó lo escitalopram, oògùn ìsoríkọ́ kan. Èrò tiwa ni pé kò yẹ kí a dúró de ìdáhùn yìí kí a tó tọ́jú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí orí rẹ̀ kò kọ́ mọ́ yóò lo oògùn rẹ̀, yóò rìn, yóò sì ní okun láti kọ sìgá.

Ṣé àdúrà kò tó?

Ẹ gbàdúrà. Àwọn tí ó ń bá yín gbàdúrà náà lè bá yín rìn dé ilé ìwòsàn. Ohun tí a kò fẹ́ ni kí wọ́n ní kí ẹ dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró, kí wọ́n fi ààwẹ̀ wo ẹni tí kò ti lè jẹun tẹ́lẹ̀, tàbí kí wọ́n so ènìyàn mọ́lẹ̀.

Mo ń lo clozapine tàbí olanzapine. Ṣé mo lè ṣàdédé jáwọ́ nínú sìgá?

Ẹ sọ fún dókítà kí ẹ tó ṣe é. Èéfín sìgá, kì í ṣe nikotíìnì, ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè fọ́ oògùn méjèèjì yìí, tí a fi ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ tí ó le, dànù, nítorí náà ìwọ̀n tí a fún ẹni tí ń mu sìgá sábà máa ń pọ̀. Bí èéfín bá dáwọ́ dúró, oògùn á ga nínú ẹ̀jẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì lè di májèlé. Wọn yóò dín ìwọ̀n rẹ̀ kù. Nikotíìnì tí a ń lẹ̀ mọ́ ara kò dí àlàfo yìí.

Bàbá mi tí ó ní àrùn ọkàn ń sọ pé òun kò rí ìdí tí òun fi wà láyé mọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì bi í léèrè ní tààrà bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè náà kì í gbin èrò yẹn sí ẹnikẹ́ni nínú; ó ń jẹ́ kí ẹni tí ó ti ń dá gbé e láti ọjọ́ pípẹ́ rí ẹni bá sọ ọ́. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ kó oògùn kòkòrò àti gbogbo oògùn ilé kúrò nítòsí, títí kan oògùn ọkàn rẹ̀, kí ẹ máa fún un ní ìwọ̀n ọjọ́ kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba wà ní Aro ní Abẹ́òkúta àti ní Yábàá ní Èkó, dókítà ọpọlọ sì wà ní UCH Ìbàdàn. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí Nàìjíríà ní ní 2023 ti rọ́pò òfin àtijọ́ tí ó ń pe irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní asínwín. Ẹ kó káàdì ìtọ́jú ọkàn rẹ̀ àti gbogbo oògùn tí ó ń lò dání, kí dókítà tí yóò rí i lè mọ ohun tí ó ti wà lára rẹ̀ kí ó tó kọ òmíràn fún un.